Egungun Etí Odò: Ẹran Wo Ni, Láti Ìgbà Wo Sì Ni?

Egungun la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ náà dáadáa: egungun la kọ, a ò kọ egúngún. Kò sí ẹni tó máa fi pàṣán lé yín nínú àròkọ yìí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rìn létí odò ní Ìwó yìí lẹ́yìn òjò ńlá, yálà Odò Ọbà fúnra rẹ̀ ni tàbí àwọn odò kéékèèké tó ń gba ẹ̀yìnkùlé àti oko kọjá, á ti rí egungun rí. Ó lè jẹ́ egungun ìhà tó yọrí nínú yanrìn. Ó lè jẹ́ eyín ẹyọ kan, tàbí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ odindi. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé ká fẹsẹ̀ gbá a sómi, tàbí ká pariwo ká sá lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbéèrè méjì ló yẹ ká bi í: ẹran wo ló ni ọ́, ìgbà wo lo sì ti wà níbí? Ẹni tó bá mọ ibi tí òun máa wò, egungun á dá a lóhùn. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára ni pé ní ilẹ̀ tiwa, egungun ẹran tó pẹ́ nítòótọ́ ṣọ̀wọ́n. Ẹyọ kan lè sọ ìtàn tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Tí a bá ti gbá irú èyí sómi, ó tán nìyẹn.

BÁWO NI EGUNGUN ṢE Ń DÉ ETÍ ODÒ?

Ẹ ronú sí orúkọ tí a ń pe ibi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù. Odò ẹran ni. Iṣẹ́ ẹran pípa ń fẹ́ omi púpọ̀, ẹ̀bá odò ló sì rọrùn jù fún un. Ìwo, pátákò àti egungun orí tí kò sẹ́ni tó rà, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń wà títí omi á fi gbé wọn lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá rí egungun lódò, ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ fura sí ni alápatà. Ẹnì kejì ni ajá, torí ajá a máa gbé egungun láti ààtàn lọ síbi tó bá wù ú. Lẹ́yìn ìyẹn la wá ń ronú sí ẹran tó kú fúnra rẹ̀, ẹran tí ọdẹ pa, àti egungun tó ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́ kí omi tó hú u jáde.

Omi pàápàá a máa ṣa egungun bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Egungun ìhà àti egungun ẹ̀yìn fúyẹ́, omi a tètè gbé wọn lọ jìnnà. Agbárí àti egungun àgbọ̀n wúwo díẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé inú yanrìn nítòsí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Níbi tí odò bá ti ṣẹ́rí, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ inú, níbi tí omi ti ń rọra lọ, ni yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti egungun ń kó jọ sí. Ẹ̀gbẹ́ òde ni omi ti ń jẹ bèbè, tó ń gé ilẹ̀ bí ẹni gé àkàrà, tí ohun tó wà nínú ilẹ̀ á wá máa yọrí.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yìí tóbi. Egungun tó wà nínú yanrìn, àlejò ni. Ó ti rìnrìn àjò, a ò sì mọ ibi tó ti wá. Èyí tó yọrí lára bèbè, onílé ni. Ilẹ̀ tó yí i ká ló mọ ọjọ́ tó débẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

ṢÉ EGUNGUN NI LÓÒÓTỌ́, ṢÉ Ó SÌ PẸ́?

Òkúta funfun àti igi gbígbẹ a máa tan ojú jẹ. Ẹ wá ibi tó ti ṣẹ́ lára nǹkan náà. Tó bá jẹ́ egungun, ẹ máa rí i pé ara òde le, ó sì dán, ṣùgbọ́n inú ní ihò kéékèèké bíi ti búrẹ́dì, tàbí kó ní ihò gígùn níbi tí mùdùnmúdùn ti wà rí. Òkúta wúwo jù ú lọ, inú rẹ̀ àti òde rẹ̀ sì bára mu. Àwọn kan a máa fi ahọ́n tọ́ ọ wò bóyá ó máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má dán ìyẹn wò rárá!

Ti ọjọ́ orí ńkọ́? Egungun tuntun máa ń ní ọ̀rá, ó máa ń rùn, iṣan lè ṣì wà lára rẹ̀. Tí oòrùn bá ti pa á pẹ́, ọ̀rá á tán, á wá máa là tẹ̀ẹ́rẹ́ tẹ̀ẹ́rẹ́ ní gígùn, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á máa ṣí bí èèpo. Obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan láti Amẹ́ríkà, Anna Behrensmeyer, fara balẹ̀ ṣọ́ egungun ẹran tó wà ní gbangba ní Amboseli ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Lọ́dún 1978 ó gbé ìwọ̀n kan jáde tó bẹ̀rẹ̀ láti 0, ìyẹn egungun tútù, títí dé 5, ìyẹn èyí tó ń fọ́ lẹ́búlẹ́bú. Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ká mọ̀ pé egungun tí oòrùn àti òjò ń lù lórí ilẹ̀ kì í sábà ju bí ọdún 15 lọ kó tó di ẹ̀rúnrún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé egungun tó bá wà ní gbangba, tó sì ṣì le, ó ṣeé ṣe kó má dàgbà ju àwa fúnra wa lọ. Kí egungun tó lè pẹ́, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè bò ó.

Àwọ̀ nìkan ò tó láti fi mọ ọjọ́ orí o. Egungun adìẹ tí wọ́n jù sínú ẹrẹ̀ dúdú lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn lè ti dúdú bí èédú, kó sì jọ ti ayé àtijọ́. Ibi tó wà ló ń pa á láró.

Ẹnì kan á bi wá pé, "Ṣé ó lè jẹ́ ti dáínósọ̀?" Rárá, kì í ṣe ní Ìwó. Àpáta tó wà lábẹ́ ìlú wa jẹ́ irú èyí tí iná abẹ́ ilẹ̀ yọ́ tàbí tí ooru àti ẹrù tó wúwo yí padà ní ayé àtijọ́ pátápátá, kò sì sí egungun nínú irú rẹ̀. Ibi tí omi ti kó ẹrẹ̀ àti yanrìn jọ léra wọn títí wọ́n fi di àpáta ni a ti ń rí egungun tó ti di òkúta. Bí àpẹẹrẹ, ní àgbègbè Ameki, ní Ìpínlẹ̀ Abíá òní, wọ́n rí egungun irú àbùùbùtán kan tó gbé ayé ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 40 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun bo ibẹ̀. Lọ́dún 1920 ni C. W. Andrews sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ Lugard tí a kà nínú ìwé ìtàn náà ni. Ohun tí odò tiwa lè fún wa kéré lọ́jọ́ orí sí ìyẹn, àmọ́ ó sún mọ́ wa jù: ẹran tí àwọn baba ńlá wa sìn, tí wọ́n pa, tí wọ́n jẹ, tí wọ́n sì gùn.

ẸRAN WO LÓ NI ÍN?

Eyín ni ká kọ́kọ́ wá. Eyín le ju egungun lọ, òun ló sì máa ń kẹ́yìn nínú ilẹ̀. Ẹ lọ ya ẹnu ewúrẹ́ ilé yín wò lónìí: kò ní eyín iwájú lókè. Ìsàlẹ̀ nìkan ló ní, 8 ni, wọ́n sì ń gún ẹran tó le lókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgùntàn àti màlúù. Tẹ́ ẹ bá rí agbárí tí kò ní eyín iwájú lókè, tí kò sì sí ojú ihò eyín níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹran tó ń jẹ àpọ́jẹ ni. Ẹṣin yàtọ̀, ó ní eyín iwájú lókè àti nísàlẹ̀.

Àwọn tó ń ra àgbò Iléyá mọ ẹ̀kọ́ kejì dáadáa. Kí ló dé tí wọ́n máa ń ya àgbò lẹ́nu lọ́jà? Ọjọ́ orí ni wọ́n ń wá. Eyín ọmọdé àgùntàn kéré. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, méjì tó wà láàárín á yọ, eyín ńlá méjì á rọ́pò wọn. Bí ó ti ń sún mọ́ ọdún méjì, wọ́n á di mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́fà. Tó bá tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin, gbogbo mẹ́jọ̀ọ̀jọ á ti pé. Egungun àgbọ̀n tó ti wà nínú ilẹ̀ fún 100 ọdún ṣì lè sọ ọjọ́ orí tí ẹran náà wà nígbà tí wọ́n pa á.

Eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ, náà ní àmì tiẹ̀. Lórí eyín màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn, ẹ máa rí ilà tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Eyín ẹṣin ga, ó gùn bí òpó kékeré; ti òkè ní igun mẹ́rin, ilà orí rẹ̀ sì lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun. Ti ajá mú bí abẹ, ó wà fún gígé ẹran. Ti ẹlẹ́dẹ̀ ní kókó rìbìtì rìbìtì lórí, ó sì jọ ti ènìyàn débi pé ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Fún ìdí èyí, tẹ́ ẹ bá rí eyín tó ní irú kókó bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ná, ẹ pe àgbà.

Ẹsẹ̀ ni ká wò tẹ̀ lé e. Pátákò màlúù là sí méjì. Egungun gígùn tó wà lókè pátákò náà, níbi tí ó bá ti parí nísàlẹ̀, orí méjì ló ní, wọ́n tò síra wọn bí ìbejì. Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó kéré. Pátákò ẹṣin ò là, torí náà orí kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ egungun tiẹ̀, egungun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí ò ní ṣi egungun ẹṣin pè ní ti màlúù mọ́ láé.

Àwọn yòókù rèé ní kúkúrú:

Ẹyẹ: egungun rẹ̀ fúyẹ́, ara rẹ̀ tín-ín-rín, inú rẹ̀ ṣófo. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀gún lára egungun ẹsẹ̀, àkùkọ ni.

Ẹja: egungun ẹ̀yìn rẹ̀ rí rìbìtì, ojú méjèèjì ló sì jin wọnú bí ife kékeré. Orí àrọ̀ le, ara rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka.

Ejò: egungun ẹ̀yìn rẹ̀ jin lójú kan, ó sì yọ rìbìtì lójú kejì, kí wọ́n lè há sínú ara wọn.

Ìjàpá: karawun rẹ̀ máa ń tú sí wẹ́wẹ́ pẹlẹbẹ tí etí wọn rí bí eyín ayùn.

Ọ̀yà àti òkété: àwọn méjèèjì ní eyín iwájú gígùn tó tẹ̀. Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ ni pé eyín òkè ti ọ̀yà fẹ̀, ó sì ní ojú ilà mẹ́ta mẹ́ta tó gbẹ́ wọnú. Ti òkété ń dán gbọnrangbọnran.

Ìwo: ìwo màlúù, ewúrẹ́, àgbọ̀nrín àti ẹtu jẹ́ èèpo líle tó bo egungun tó hù láti orí. Èèpo náà máa ń tètè jẹrà tàbí kó bọ́, egungun inú rẹ̀ lẹ sábà máa ń rí. Ìwo àgbọ̀nrín wa kì í já bọ́ lọ́dọọdún bíi ti àwọn ẹran tí a ń rí nínú fíìmù òyìnbó, tí ìwo wọn ní ẹ̀ka bí igi. Irú ìyẹn ò sí nínú igbó wa.

ÀMÌ TÓ WÀ LÁRA EGUNGUN

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ẹran náà, ó kù ká mọ ẹni tó bá a lò. Ọ̀bẹ máa ń fi ilà tín-ín-rín sílẹ̀ tó jin bí lẹ́tà V, pàápàá níbi oríkèé, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ẹran. Àáké àti àdá máa ń fi ojú ọgbẹ́ ńlá sílẹ̀. Ajá máa ń ti orí egungun jẹ ẹ́, ó sì máa ń fi ihò kéékèèké àti ojú ìha sílẹ̀. Eku àti òòrẹ̀ a máa fi eyín iwájú wọn fá egungun, ilà tí wọ́n ń fi sílẹ̀ sì máa ń tò ní méjì méjì. Egungun tó bá jóná díẹ̀ á dúdú. Èyí tó bá jóná gan-an á di eérú, á tún funfun, á sì máa fọ́ wẹ́rẹ́.

Egungun tó ní ojú ọ̀bẹ, tó jóná díẹ̀, tó sì wà pẹ̀lú àpáàdì àti èédú lára bèbè kan náà, ìdí ààrò ẹnì kan nìyẹn. Ó lè jẹ́ ààrò ọdún tó kọjá, ó sì lè jẹ́ ti abúlé tí orúkọ rẹ̀ ti parẹ́.

KÍ LÓ DÉ TÍ ÈYÍ TÓ PẸ́ FI ṢỌ̀WỌ́N?

Àwọn tó ń ṣe bàọ́lọ́jì lè fojú ara wọn rí ìdáhùn. Ẹ mú egungun ẹsẹ̀ adìẹ méjì tí wọ́n ti jẹ ẹran ara wọn tán. Ẹ rẹ ọ̀kan sínú fínígà fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ ju ìkejì sínú iná èédú títí á fi funfun. Èyí tó wà nínú fínígà á rọ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ bí okùn rọ́bà. Èyí tó wà nínú iná á le, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á rún. Nǹkan méjì ló para pọ̀ di egungun: kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì tó jẹ́ kó le, àti okùn ẹran ara tó jẹ́ kó má tètè ṣẹ́. Ásíìdì inú fínígà ló jẹ ti àkọ́kọ́, iná ló jó èkejì.

Ilẹ̀ wa ń ṣe méjèèjì pọ̀, díẹ̀díẹ̀. Omi òjò tó ń kọjá láàárín ewé tó ń jẹrà a máa di ásíìdì tí kò lágbára púpọ̀, á sì máa yọ́ kálísíọ̀mù egungun lọ. Ooru sì ń jẹ́ kí àwọn kòkòrò tíntìntín ilẹ̀ jẹ èyí tó kù. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀ òjò ló ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu. Nínú ohun tí ilẹ̀ ń mu náà ni egungun wà.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó kọ ọ́ ní "Iwo Eleru", ẹ má sì rò pé Ìwó tiwa ni o! Ihò tó ní eérú ni. Lọ́dún 1965, ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw, tó dá ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀pìtàn sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ibẹ̀. Wọ́n rí irinṣẹ́ òkúta lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì rí egungun ènìyàn kan tí wọ́n sin. Egungun ẹran tí àwọn ará ibẹ̀ pa jẹ ńkọ́? Ásíìdì ilẹ̀ ò jẹ́ kó ṣẹ́kù. Èédú tó wà nítòsí òkú náà ni wọ́n gbé lọ fún àyẹ̀wò carbon-14, òun ló sì fi hàn pé ó ti lé ní 11,000 ọdún. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ tún agbárí náà wọ̀n, wọ́n sì rí i pé ó jọ ti àwọn ènìyàn tó gbé ayé ṣáájú ìgbà yẹn tipẹ́tipẹ́. Gbogbo ìyẹn látara egungun kan ṣoṣo, àti èédú tí ẹnikẹ́ni ò kó dànù.

Ní Daima ní Ìpínlẹ̀ Bọ̀rnó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Graham Connah gbẹ́ òkìtì kan níbẹ̀ ní àárín ọdún 1960 sí 1970. Òjò ibẹ̀ ò pọ̀, ilẹ̀ amọ̀ ibẹ̀ ò sì jẹ egungun bíi tiwa. Egungun màlúù, ti ewúrẹ́, àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi egungun ṣe, gbogbo wọn wà níbẹ̀ láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún. Kì í ṣe pé àwọn ará Daima jẹ ẹran ju àwọn baba ńlá wa lọ. Ilẹ̀ wọn ló bá wọn tọ́jú egungun wọn.

EYÍN ẸṢIN KAN LÈ DI ẸLẸ́RÌÍ

Ẹ jẹ́ ká wá sítòsí. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀ ní Ẹdẹ-Ilé, ibi tí ìlú Ẹdẹ wà kó tó bọ́ sí ibi tó wà lónìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ló rán Tìmì, tafàtafà tó gbówọ́, wá síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ̀nà. Ìtàn ni, ẹnì kan lè gbà á, ẹlòmíì lè ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ náà sọ tẹnu rẹ̀: wọ́n rí àpáàdì ìkòkò irú ti Ọ̀yọ́, wọ́n rí igi osè tí wọ́n máa ń gbìn sí irú ibùdó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí egungun ẹṣin.

Kí ló dé tí egungun ẹṣin fi tó nǹkan bẹ́ẹ̀? Torí pé ẹṣin kì í ṣe ẹran agbègbè igbó. Irú kòkòrò tí wọ́n ń pè ní tsetse, tó ń mu ẹ̀jẹ̀, máa ń fi àìsàn pa á. Àwọn ará Ọ̀yọ́ máa ń ra ẹṣin láti òkè ọya, owó kékeré kọ́, ogun àti ọlá ni wọ́n sì ń fi í ṣe. Tí egungun ẹṣin bá wà ní Ẹdẹ-Ilé, a jẹ́ pé ẹnì kan tó lágbára mú un wá, ẹnì kan sì ń wá oúnjẹ àti ìtọ́jú fún un. Ohun tí onílù àti àgbà ìlú ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́, egungun náà jẹ́rìí sí i.

Ẹ wá fojú inú wò ó ká ní ọmọ kan ló kọ́kọ́ rí eyín ẹṣin yẹn létí odò, tó rò pé ti màlúù ni, tó sì jù ú lu ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìtàn Ìwó náà wà lẹ́nu àwọn àgbà wa. Ibo ni ẹ̀rí tiwa wà? Ó ṣeé ṣe kó wà nínú bèbè tí omi ń jẹ lọ́dọọdún, tí àwọn tipà sì ń kó yanrìn rẹ̀ lọ fún ilé kíkọ́.

KÍ LÓ YẸ KÁ ṢE?

Ìkíní, ẹ má dá lọ, ẹ má sì lọ nígbà tí odò bá kún. Ẹ wọ bàtà. Ẹ má wọ inú omi tó dúró láìsídìí, torí àtọ̀sí ajá.

Ìkejì, ẹ má fọwọ́ kan òkú ẹran tútù tàbí egungun tó ṣì ń rùn. Ní oṣù keje ọdún 2023, ìjọba fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn anthrax pa ẹran ní oko kan nítòsí Suleja ní Ìpínlẹ̀ Niger. Àrùn yìí ń ràn ènìyàn, irúgbìn rẹ̀ sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Egungun gbígbẹ pàápàá, náílọ̀n ni kẹ́ ẹ fi bọwọ́, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà.

Ìkẹta, ẹ yà á ní fọ́tò níbi tó wà kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ fi rúlà tàbí báírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó bá wo fọ́tò lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ odò, bèbè wo ni, àti bó ṣe jìn sísàlẹ̀ tó.

Ìkẹrin, ẹ rántí ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé. Èyí tó wà lórí yanrìn, olùkọ́ lè gbà kẹ́ ẹ mú un wá sí yàrá sáyẹ́ǹsì. Èyí tó há sára bèbè, ẹ má fà á, ẹ má gbẹ́ ẹ. Òfin tó dá àjọ National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ lọ́dún 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ. Àjọ náà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Òṣogbo, olùkọ́ sì lè bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ibi tó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Yobe báyìí, kan ohun líle kan nínú ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn onímọ̀, wọ́n bá rí i pé ọkọ̀ ojú omi ni, ó sì ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló rí i.

Ìkarùn-ún, tó bá jọ pé ti ènìyàn ni, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ fún òbí tàbí olùkọ́, kí wọ́n lọ sọ fún baálẹ̀ àti ọlọ́pàá. Ó lè jẹ́ sàréè àtijọ́, ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ń wá.

Ìkẹfà, gbogbo wa la mọ ohun tí ayé ń sọ lónìí tí wọ́n bá rí ọ̀dọ́ tó gbé egungun sínú báàgì. Kò sẹ́ni tó máa dúró béèrè bóyá ti ewúrẹ́ ni. Ẹ̀mí ṣe pàtàkì ju egungun lọ. Nítorí náà, ẹ má gbé egungun kankan rìn ládùúgbò láìjẹ́ pé àgbàlagbà wà pẹ̀lú yín. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ sọ fún onílẹ̀ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe. Fọ́tò lásán tó.

IBI TÍ A Ti LÈ BẸ̀RẸ̀

Àwọn onímọ̀ tó ń dá egungun mọ̀ kì í fi orí lásán ṣe é. Wọ́n ní àkójọ egungun ẹran tí wọ́n ti mọ̀, òun ni wọ́n fi ń wé èyí tí wọn ò mọ̀. Àwa náà lè ní tiwa láìná kọ́bọ̀. Lẹ́yìn Iléyá tó ń bọ̀, kí ẹnì kan tọ́jú egungun àgbọ̀n àgbò ilé wọn. Kẹ́lòmíì mú ẹsẹ̀ ewúrẹ́ wá, kẹ́lòmíì mú egungun àkùkọ, kí ọmọ ọdẹ mú agbárí ọ̀yà tí wọ́n ti jẹ tán. Ẹ sè é dáadáa nílé kí ẹran ara rẹ̀ lè bọ́, ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ, ẹ kọ orúkọ ẹran náà, ọjọ́ orí rẹ̀ tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, àti ọjọ́ tí wọ́n pa á. A ti bẹ ẹ̀ka bàọ́lọ́jì pé kí wọ́n yọ̀ǹda pẹpẹ kan fún wa.

Tí pẹpẹ yẹn bá ti kún, ẹni tó bá ya fọ́tò eyín kan létí odò á ní ohun tó máa fi wé e. Bó bá sì wé e títí, tí kò bá ti màlúù mu, tí kò bá ti ewúrẹ́ mu, tó ga bí òpó, tí ilà orí rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí ìfun, kó tètè wá pe Press Club. Kó má tíì sọ fún ẹlòmíì ná o!